Ẹ Má Pè É ní Àmánà

Nínú ilé bàbá mi ní Ẹdẹ, yàrá kan wà tí ẹnikẹ́ni kì í wọ bàtà wọ inú rẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn wàláà máa ń wà, àwọn pátákó igi tí bàbá mi fi kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò ní kéwú láti ìgbà tí wọn kò tíì bí mi. Àwọn wàláà náà fara ti ògiri, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn, bí èrò tó tò sẹ́yìn ìmáámù. Bí oòrùn ìrọ̀lẹ́ bá gba ojú fèrèsé wọlé, etí wọn á máa dán, nítorí ọwọ́ ọmọdé ti dì wọ́n mú títí wọ́n fi jọ̀lọ̀. Tàdáwà tí a fi ń kọ kéwú ti wọ inú igi náà, omi ti fọ̀ ọ́ kúrò, tàdáwà mìíràn ti tún wọ̀ ọ́. Bí mo bá gbé ọ̀kan súnmọ́ imú, òórùn èéfín ni mo máa ń gbọ́, àti òórùn ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí.

Ọ̀kan nínú wọn ni èmi náà fi kọ́ álífù. Mi ò mọ èwo mọ́. Bàbá mi kì í jẹ́ kí ọmọ kọ orúkọ ara rẹ̀ sí wàláà. Wọ́n ní ohun tí à ń kọ síbẹ̀ tóbi ju orúkọ ẹnikẹ́ni lọ, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ni kó mú èyí tó bá wù ú. Nítorí náà, gbogbo wa la ni gbogbo rẹ̀.

Lẹ́yìn tí bàbá mi padà sọ́dọ̀ Ẹlẹ́dàá wọn, ìyá mi nìkan ló kù sínú ilé náà. Tíṣà ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan nínú ìlú, èmi àti ọkọ mi àti àwọn ọmọ wa sì ń gbé nínú yàrá méjì àti pálọ̀. Àbúrò mi ọkùnrin, tó jẹ́ bíríkìlà, Ìbàdàn ló ń gbé. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn ń parí lọ ní ọdún tí mò ń sọ yìí, ó wá kí ìyá wa. Kò tíì jókòó tó fi rí i pé ògiri yàrá wàláà ti là láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó ki ọwọ́ bọ ojú ibi tó là. Ọwọ́ náà wọlé dé ọrùn ọwọ́.

"Ìyá, ògiri yìí ò ní rí ìparí òjò tó ń bọ̀ yìí."

"Ògiri ló sọ fún ẹ?"

"Òun ló sọ fún mi."

"Ó yà mí lẹ́nu. Láti ọjọ́ tí mo ti ń bá a gbé, kò sọ fún mi."

Àbúrò mi rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo rí ojú rẹ̀. Ẹ̀yìn ògiri yẹn gan-an ni ìyá wa ń sùn. Bó bá wó, orí ibùsùn wọn ló máa wó lé.

Ó jókòó, ó sì ṣàlàyé ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. A ó wó apá ilé náà kí òjò tó wó o fúnra rẹ̀, a ó tún un kọ́ pẹ̀lú búlọ́ọ̀kù, a ó sì fi yàrá ńlá kan síwájú kí kéwú lè bẹ̀rẹ̀ padà níbẹ̀. Ìyá wa á wá máa gbé lọ́dọ̀ mi títí ilé á fi parí. Inú ìyá wa dùn sí ọ̀rọ̀ yàrá ńlá yẹn. Wọ́n mi orí sí gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n béèrè ohun kan ṣoṣo.

"Níbo ni àwọn wàláà máa sùn?"

"Ẹ jẹ́ kí n kó wọn lọ sí Ìbàdàn."

"Wàláà Ẹdẹ ni."

"Ilé Àǹtí ńkọ́?" Èmi ló ń pè ní Àǹtí.

"Ilé Àǹtí rẹ tí àwọn ọmọ ti ń fò lórí àga bí ewúrẹ́? Wọ́n á fi wàláà ṣe òpó góòlù."

"Mọ́ṣáláṣí?"

"Sítọ́ọ̀ mọ́ṣáláṣí tí gbogbo ìlú ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀?"

Ìyá mi ká ẹsẹ̀ jọ lórí ẹní. Wọ́n ní bí àwọn ò bá mọ ibi tí wàláà máa sùn, àwọn ò ní kúrò nínú ilé. Wọn ò pariwo. Bí ẹni ń sọ pé ó jọ pé òjò máa rọ̀ lọ́la ni wọ́n ṣe máa ń sọ ohun tí wọn ò ní yí padà, àwa ọmọ wọn sì mọ̀.

Olùkọ́ kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ló sọ fún mi nípa ilé ẹrù. Ọmọ rẹ̀ ń kàwé ní yunifásítì. Bí wọ́n bá gba ìsinmi, tí kò sì fẹ́ kó bẹ́ẹ̀dì àti fáànù rẹ̀ lọ sílé tó jìnnà, ibẹ̀ ló máa ń kó wọn sí. Ó ní ojú ọ̀nà Sekona ni, wọ́n kọ́ ọ ní yàrá yàrá, ẹni kọ̀ọ̀kan á háyà èyí tó bá gba ẹrù rẹ̀, á sì fi àgádágodo ti ara rẹ̀ tì í. Mo pe àbúrò mi lórí fóònù.

"Ẹ lọ wò ó," ó ní. "Ṣùgbọ́n ẹ má wò ó bí ẹni fẹ́ háyà. Ẹ wò ó bí ẹni fẹ́ jalè níbẹ̀."

Ní àárọ̀ Sátidé, mo wọ kẹ̀kẹ́. Ọyẹ́ ti lọ tipẹ́, òjò kò sì tíì dé, ojú ọ̀run funfun bí omi orí ògì. Ní àkókò bẹ́ẹ̀, ó máa ń dà bíi pé gbogbo nǹkan dúró díẹ̀ kó tó tún bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ń ta iṣu lẹ́bàá títì jókòó láìsọ̀rọ̀. Igi kájú ń wúyẹ́wúyẹ́ lẹ́yìn wọn. Mo gbìyànjú láti máa ronú bí olè, bí àbúrò mi ṣe ní kí n ṣe. Mo kọ́kọ́ ṣe bísímílà, mo wá rántí pé olè kì í ṣe bísímílà. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ọkùnrin tó ń bójú tó ibẹ̀ jáde wá pàdé mi lẹ́nu gèètì. Kò lè ju ẹni ogójì ọdún lọ, ó dé fìlà funfun, ó sì dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ kó tó rántí pé mi ò dàgbà jù ú lọ bẹ́ẹ̀. Ohùn rẹ̀ jẹ́ kí n mọ̀ pé ọmọ Ìwó ni. Mo sọ fún un pé mo fẹ́ wo ibẹ̀ fínnífínní kí n tó mọ̀ bóyá a ó háyà.

"Ẹ wò ó, Àǹtí. Ojú ló ń rí ohun tí ẹnu ò lè sọ."

Mo bẹ̀rẹ̀ láti ìta. Mo yí fẹ́ńsì ká. Ó ga ju ènìyàn lọ, wọ́n sì ri àfọ́kù ìgò mọ́ orí rẹ̀. Lẹ́yìn ilé, mo rí ẹ̀ka igi kájú kan tó na ọwọ́ kọjá orí ìgò náà wọ inú ọgbà.

"Bí mo bá jẹ́ olè," mo ní, "ibí ni mo máa gbà."

Ó wo òkè. "Mo ti sọ fún ẹni tó ni igi. Ó ní kí n jẹ́ kí òun kọ́kọ́ ká kájú tó wà lórí rẹ̀."

"Ṣé olè náà á dúró de kájú?"

"Olè náà fẹ́ràn kájú," ó ní, ó sì rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ó ṣèlérí pé kí n tó padà wá, ẹ̀ka náà á ti kúrò.

Nígbà tó ṣí ilẹ̀kùn ńlá, tí a wọlé, ẹ̀rín tán lẹ́nu mi. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan ni, ilẹ̀kùn onírin wà lápá ọ̀tún àti lápá òsì, gbogbo wọn ní àgádágodo, gbogbo wọn dákẹ́. Atẹ́gùn ń gba ojú ihò kéékèèké tó wà lókè ògiri wọlé, ìmọ́lẹ̀ sì ń bá a wọlé ní tínrín tínrín. Ó dà bíi pé mo rìn wọ inú oorun ẹlòmíràn. Lẹ́yìn ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan, ẹrù ẹnìkan ń sùn: máátírẹ́ẹ̀sì, ìwé, ìkòkò, bàtà tí a kò mọ ibi tí ẹsẹ̀ tó ń wọ̀ ọ́ wà báyìí. Mo rí i pé mò ń rìn jẹ́ẹ́, bí ìgbà tí àwọn ọmọ mi bá ń sùn lọ́sàn-án.

Bàbá mi máa ń yí ilé ká nírọ̀lẹ́, kó tó di àkókò ìrun Mọ̀gáríbì. Wọ́n á fọwọ́ kan fèrèsé kọ̀ọ̀kan, wọ́n á fọwọ́ kan ilẹ̀kùn, ètè wọn á máa mì. Èmi á máa tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn, màá di etí agbádá wọn mú. Nígbà tí mo béèrè ohun tí wọ́n ń sọ, wọ́n ní, "Mò ń fi yín pamọ́ ni." Mo rò pé wọ́n ń fi wá pamọ́ fún ẹnìkan tó ń wá wa kiri. Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan náà ni a ní fún méjèèjì. Owó tí a so mọ́ etí ìró, a fi pamọ́ ni. Ọmọ tí a gbàdúà fún kó tó rìnrìn-àjò, a ní kí Ọlọ́run pa á mọ́. Ohun tí a kò fẹ́ kí ojú rí àti ohun tí a kò fẹ́ kí ó bàjẹ́, ọ̀nà kan náà ni wọ́n gbà jáde lẹ́nu wa.

Mo dúró nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn, mo ń rántí èyí, ọkùnrin náà sì dúró lẹ́yìn mi, kò yọ mí lẹ́nu.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ mi. Ó ṣí yàrá òfìfo kan fún mi. Mo wo òkè bóyá ògiri tó pín yàrá sí yàrá dé abẹ́ páànù, nítorí àbúrò mi ti sọ pé àwọn mìíràn kì í kọ́ ọ dókè, olè á kàn háyà yàrá kan, á sì gun ògiri bọ́ sí ti ẹnìkejì. Ó dé abẹ́ páànù. Mo wo ẹsẹ̀ ògiri bóyá ikán ti fà. Kò sí. Mo mi ilẹ̀kùn. Mo béèrè bóyá kámẹ́rà ẹnu ọ̀nà ń ṣiṣẹ́ bí wọ́n bá mú iná lọ. Ó fi sólà hàn mí lórí òrùlé. Mo béèrè bóyá ẹnikẹ́ni kó gáàsì tàbí pẹtiróòlù síbẹ̀. Ó ní òun máa ń wo ẹrù kó tó wọlé, pé òun ti dá ẹnìkan padà nítorí kẹ́ẹ̀gì kan, ẹni náà kò sì kí òun mọ́ di òní.

Yàrá tó kángun sí ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní àmì omi lára, ìlà kan tó rọra pọ́n lórí ògiri, sókè díẹ̀ sí ilẹ̀. Mo fọwọ́ tọ́ ọ.

"Òjò èṣí ni," ó ní. "A ti la gọ́tà sẹ́yìn ibẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ẹrù tí omi kò gbọ́dọ̀ kàn, ẹ jẹ́ kí n fún yín ní ti ìbẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ ibẹ̀ ga."

Ó dùn mọ́ mi pé kò purọ́ fún mi. Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, ó sọ èyí tó fi mí lọ́kàn balẹ̀ jù: "Ẹ̀yin nìkan lẹ máa ní kọ́kọ́rọ́, Àǹtí. Èmi ò ní, ọ̀gá mi ò ní. Bẹ́ẹ bá tì í lónìí, ẹ̀yin náà lẹ máa ṣí i."

Mo gbé ọ̀rọ̀ yẹn lọ bá ìyá mi bí ẹni gbé oúnjẹ gbígbóná. Wọ́n ń ka tẹ̀súbáà lórí ẹní. Mo sọ fún wọn nípa fẹ́ńsì, nípa kámẹ́rà, nípa ògiri tó dé abẹ́ páànù. Mo fi ti kọ́kọ́rọ́ parí rẹ̀. Wọ́n jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

"Ta ló ń pa á mọ́?"

"Inú yàrá ni wọ́n máa wà, Ìyá. Yàrá tí a tì."

"Mo gbọ́ yàrá. Yàrá kì í pa nǹkan mọ́. Ènìyàn ló ń pa nǹkan mọ́. Mo ní, ta ni?"

Mo ní ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó ń bójú tó o, ọmọlúàbí ni.

"O sì ní kò ní kọ́kọ́rọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Òun ló jẹ́ kí ó dára, Ìyá. Kò sẹ́ni tó lè wọ ibẹ̀."

"Kò sẹ́ni tó lè wọ ibẹ̀," ìyá mi tún un sọ, jẹ́jẹ́, bí ẹni tọ́ nǹkan wò lẹ́nu. "Sàréè náà rí bẹ́ẹ̀."

Lóde, atẹ́gùn gbé erùpẹ̀ díẹ̀ kọjá nínú ọgbà, mo sì gbọ́ tí iyẹ̀pẹ̀ ń dà sílẹ̀ láti ojú ibi tí ògiri ti là, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ẹni ń yọ́ rìn. Ìyá mi náà gbọ́ ọ. A jọ tẹ́tí sí i títí ó fi dáwọ́ dúró.

"Màá lọ wò ó fúnra mi," wọ́n ní.

Àbúrò mi gbé ọkọ̀ rẹ̀ wá láti Ìbàdàn. Ó ti sú u. Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó sì ti fi igi ti ògiri náà látìta. Nínú ọkọ̀, ó ń wo ìyá wa nínú dígí.

"Ìyá, bí ibí yìí kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, báńkì ló kù."

"Ṣé báńkì ń gba wàláà?"

"Wọn ò gbà á."

"Kí lo wá ń fi báńkì ṣe?"

Nígbà tí a débẹ̀, ẹ̀ka kájú ti kúrò. Mo tọ́ka sí i fún ìyá mi, wọ́n ní igi náà á tún hù ú. Wọ́n bọ́ bàtà lẹ́nu ilẹ̀kùn ńlá láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kí wọ́n bọ́ ọ. Ọkùnrin alábòójútó rí i, òun náà bọ́ tirẹ̀. Èmi àti àbúrò mi wo ara wa, a sì bọ́ tiwa. Sìmẹ́ńtì náà tutù. Ìyá mi rìn láàárín àwọn ilẹ̀kùn yẹn bí ẹni ń rìn kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi, ọwọ́ wọn kan ọ̀kan, ó fi í sílẹ̀, ó kan òmíràn. Wọ́n wọ yàrá ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n dúró ní àárín rẹ̀, wọ́n mí sínú, wọ́n sì jáde. Wọn ò wo páànù, wọn ò béèrè kámẹ́rà.

Alábòójútó gbé àga jáde fún wọn sí abẹ́ ibòji òrùlé. Wọ́n jókòó, wọ́n sì ní kí òun náà wá síwájú àwọn.

"Ọkọ mi, ṣé o mọ ohun tí a fẹ́ kó wá?"

"Àǹtí ti sọ fún mi, Màmá. Wàláà ni."

"O kéwú?"

"Mo kéwú, Màmá. Ní Ìwó."

"Ó dáa. Ǹjẹ́ wàá gbà wọ́n ní àmánà lọ́wọ́ mi?"

Àmánà ni àwa ọmọ ilé kéwú ń pe ohun tí ẹnìkan gbà láti tọ́jú fún ẹlòmíràn, tí Ọlọ́run sì ṣe ẹlẹ́rìí sí i. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí à ń fi ṣeré. Kò sí ọmọ ilé kéwú tí wọn kò kọ́ pé ẹni tó bá jẹ àmánà, mùnáfíkì ni. Ṣùgbọ́n a máa ń sọ ọ́ ṣáá lẹ́nu: ẹni tó ní kí a bá òun mú báàgì dání, àmánà, ẹni tó ní kí a bá òun kí ìyàwó, àmánà. Mo rò pé ọkùnrin náà á kàn ní bẹ́ẹ̀ ni, inú ìyá mi á dùn, a ó sì lọ kó wàláà kí òjò tó tún rọ̀.

Kò ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ṣí fìlà rẹ̀, ó dì í mú.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má pè é ní àmánà. Ẹ jẹ́ ká pè é ní háyà."

Àbúrò mi yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo sì gbọ́ tó ń sọ lábẹ́ ahọ́n rẹ̀ pé ọkùnrin yìí ti bà á jẹ́. Ìyá mi kò yí ojú kúrò lára rẹ̀.

"Kí ló dé?"

"Màmá, ẹrù àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọ̀nyí, háyà ni. Mò ń ṣọ́ ọ. Bí mo bá délé, mo máa ń sùn. Àmánà kì í jẹ́ kéèyàn sùn." Ó yí fìlà rẹ̀ lọ́wọ́. "Àlejò kan wá sílé wa ní Ìwó nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Ó gbé àpótí kan fún bàbá mi, ó ní àmánà ni, òun ń bọ̀. Kò padà wá. Bàbá mi kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó lé àpótí yẹn. Nígbà tí páànù wa ń jò, ibi tí kò jò ni wọ́n gbé àpótí sí, àwa ọmọ sì lọ sùn síbi tó ń jò. Nígbà tí àìsàn dé sí bàbá mi, tí wọn kò dá èèyàn mọ̀ mọ́, wọ́n ṣì ń béèrè bóyá onítọ̀hún ti dé."

"Àpótí náà wá dà?"

"Ó wà nílé. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ló wà."

"Kí ló wà nínú rẹ̀?"

"A ò mọ̀, Màmá. A ò ṣí i."

Ẹyẹ kan bà lé orí fẹ́ńsì, láàárín ìgò, ó sì ń rìn níbẹ̀ bí ẹni pé kò sí ohun mímú kankan láyé. Mo rí i lọ́kàn mi, àpótí yẹn nínú ilé kan tí mi ò dé rí, àwọn ọmọ tó ń dàgbà yí i ká, eruku tí wọ́n ń nù lórí rẹ̀ fún ẹni tó ṣeé ṣe kó ti gbàgbé pé òun ní àpótí. Ó dà bí àlá, ṣùgbọ́n ojú ọkùnrin náà kì í ṣe ojú ẹni ń lá àlá.

"Nítorí náà ni mo ṣe sọ bẹ́ẹ̀, Màmá. Mi ò fẹ́ tàn yín. Ẹ bá mi fi í sí háyà."

Ìyá mi rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí ẹ̀rín yẹn. Ó wá láti ìsàlẹ̀ ikùn, èjìká wọn sì ń mì.

"Ó dáa, ọkọ mi. Háyà náà ni. Ibí ni wọ́n máa sùn."

Àbúrò mi kò lè pa á mọ́ra. "Ìyá, ẹ ní kí ó gbà, ó ní òun ò gbà. Ẹ wá ní ibí ni. Ṣé èmi ni mi ò gbọ́ Yorùbá mọ́ ni?"

"O gbọ́ Yorùbá. Lọ gbé ọkọ̀ súnmọ́ ẹnu ọ̀nà."

Nígbà tí a ń padà lọ kó ẹrù ni wọ́n ṣàlàyé fún un. Wọ́n ní ẹni tí a fi ẹrù hàn, tó kàn ní gbé e wá, kò tíì mọ̀ bóyá ó wúwo. Wọ́n ní ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ti gba àmánà lójú àwọn, tẹ̀rín-tẹ̀rín, lójú ẹsẹ̀. Wọn ò sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn àmánà náà. Wọ́n wo ìta fèrèsé ọkọ̀ títí a fi délé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn gan-an ni a kó àwọn wàláà. Ìyá mi ṣe àlùwàlá, èmi náà ṣe é. A nu wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, a sì fi aṣọ funfun wé wọn ní márùn-ún márùn-ún. Lára àwọn kan, a ṣì rí ìlà tàdáwà tí omi kò fọ̀ tán, lẹ́tà kan níbí, àmì kan lọ́hùn-ún, bí ohùn ẹni tó ti rìn jìnnà. Ìyá mi máa ń dúró lórí irú wọn, wọ́n á gbé e súnmọ́ ojú, ètè wọn á mì. Mi ò kán wọn lójú. Inú mi kún fún ọpẹ́ tí mi ò lè sọ ìdí rẹ̀ tán, ọpẹ́ pé a bí mi sí ilé tí igi lásán ti níyì báyìí.

Nílé ẹrù, ọkùnrin náà ti tẹ́ pákó sílẹ̀ nínú yàrá ìbẹ̀rẹ̀ kí wàláà má bàa kan sìmẹ́ńtì. A kò bẹ̀ ẹ́. Ó tún sọ pé ọjọ́ tí oòrùn bá mú dáadáa, kí a wá ṣí i, òun á bá wa tẹ́ ẹní sí ọgbà kí wọ́n lè gba atẹ́gùn. "Ìyẹn wà nínú háyà," ó ní.

"Mo gbọ́," ni ìyá mi wí.

Mo ti ilẹ̀kùn. Mo kó kọ́kọ́rọ́ sínú báàgì. A ti ń rìn lọ síbi tí ọkọ̀ wà nígbà tí ìyá mi dá mi dúró, tí wọ́n fi ojú ṣe é fún mi pé kí n wo ẹ̀yìn. Ọkùnrin náà rò pé a ti jáde. Ó dúró níwájú ilẹ̀kùn wa, ó fa àgádágodo náà wò. Ó rìn kúrò. Ó padà, ó tún fà á. Ó wá fi àtẹ́lẹwọ́ kan ilẹ̀kùn onírin náà, ó sì dúró bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, orí rẹ̀ tẹ̀ ba.

Ìyá mi wọnú ọkọ̀. Àbúrò mi béèrè ibi tí a ń lọ.

"Ó ti gbà á," ìyá mi dá a lóhùn. "Máa gbé mi lọ sílé Àǹtí rẹ."

Òjò tó wó ògiri náà rọ̀ lọ́sàn-án, kí àwọn òṣìṣẹ́ àbúrò mi tó débẹ̀ rárá. Ó ń bọ̀ láti apá Alajue, dúdú, láìsí ààrá. Inú ilé ìdáná mi ni ìyá mi wà, wọ́n jókòó sórí àpótí ìjókòó, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà nínú ọ̀pọ́n. Fóònù mi dún. Aládùúgbò wa ni. Ó ní ògiri ti lọ, ó ti bo ibi tí bẹ́ẹ̀dì máa ń wà mọ́lẹ̀ pátápátá, ṣé kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

Mo sọ fún ìyá mi. Wọ́n gbé ojú sókè.

"Ó lu ewúrẹ́ ẹnì kankan?"

Mo béèrè. Kò lu ewúrẹ́ kankan.

"Alihamudulilahi," wọ́n ní. Wọ́n mú òkúta kékeré kan kúrò nínú ẹ̀wà, wọ́n jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n sì ní kí n bu omi wá.